Dída Omi Àtijọ́ Nù àti Fífọ Inú Ẹ́ńjìnnì Katakata: Àlàyé fún Àwa Olùkọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Àṣamọ̀

Bébà yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń da omi àtijọ́ tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì katakata nù, bí a ṣe ń fọ inú rẹ̀, àti bí a ṣe ń rọ tuntun sí i. Èrò wa ni pé iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀, àmọ́ àìṣe é lásìkò ń ba ẹ́ńjìnnì olówó iyebíye jẹ́. A fi hàn pé rádíétọ̀ nìkan kọ́ ni omi wà: ó wà nínú búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí máa ń sùn sí. A sọ ìdí tí kúláàntì fi ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ tí omi kì í ti í di yìnyín, ewu tí ó wà nínú rẹ̀, àti bí a ṣe lè fi ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ omi inú katakata rí. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná débi tí yóò fi kú sójú oko, omi inú rẹ̀ á ti máa fi àmì hàn tipẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ á ti yí padà, ìdọ̀tí á ti sùn sí ìsàlẹ̀, awakọ̀ á sì ti máa bu omi kún un lójoojúmọ́ láìbéèrè ibi tí ti àná gbà lọ.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó gba Kwara, Kogi àti Niger kọjá, igi ńláńlá kò dí ilẹ̀ bíi ti ilẹ̀ igbó, ó sì rọrùn fún katakata láti túlẹ̀ níbẹ̀. Ìdófìàn ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí lílo ẹ̀rọ fún iṣẹ́ àgbẹ̀, NCAM, fìdí kalẹ̀ sí. Katakata kan ṣoṣo lè máa túlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí wọ́n ń háyà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ó bá kú ní àsìkò òjò àkọ́rọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó pàdánù. Gbogbo ẹni tí ó wà lórí ìlà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò pẹ́ kí ó tó gbin àgbàdo rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nìyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ìwé-ẹ̀rí NCE ń kọ́ nípa ẹ̀rọ oko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ya àwòrán rádíétọ̀ sójú pátákó, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù rí kò pọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ tí omi ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì

Nínú agbára tí ó wà nínú epo dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń di iṣẹ́. Bí ìdá kan ń bá èéfín jáde. Púpọ̀ nínú ìyókù ń di ooru tí ó ń wọ ara irin. Bí ooru yìí kò bá rí ohun tí yóò gbé e jáde, irin yóò wú, písítìn yóò sì há mọ́ inú sìlíńdà.

Omi ni ó ń ru ooru yìí. Wọ́tà pọ́ǹpù ń tì í yíká àwọn sìlíńdà nínú búlọ́ọ̀kù, ó ń gòkè lọ sí orí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń gba ibi tẹmositáàtì kọjá sí òkè rádíétọ̀. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rádíétọ̀, fáànù ń fa atẹ́gùn kọjá lára wọn, omi ń tutù, ó sì ń gba róbà ìsàlẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Tẹmositáàtì ni adènà. Kì í ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ sí rádíétọ̀ títí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí 80°C sí 85°C. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Èyí kò tọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó kì í jó epo rẹ̀ tán dáadáa, epo tí kò jó á máa ṣàn wọ inú ọ́ìlì, sìlíńdà á sì tètè jẹ. Bí tẹmositáàtì bá bàjẹ́, tuntun ni a ó fi rọ́pò rẹ̀.

Ìdérí rádíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Omi tí a gbé kaná láìdérí máa ń hó ní 100°C ní ilẹ̀ tí kò ga. Bí a bá dé e pinpin, tí ooru inú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, yóò gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ kí ó tó hó. Ìdérí tí a kọ 7 psi sí lára lè mú omi dé nǹkan bí 111°C kí ó tó hó. Ìdí nìyí tí ó fi léwu láti ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Bí a bá ti ṣí i, omi tí ó ti kọjá 100°C á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde sí ojú àti àyà ẹni tí ó ṣí i.

Ìdí tí omi kànga nìkan kò fi tó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé torí òtútù àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ṣe kúláàntì, pé àwa tí omi wa kì í dì kò nílò rẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í jẹ́ kí omi di yìnyín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí ó ń ṣe tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Èkíní, ó ń gbé ìwọ̀n tí omi ń hó sókè. Kúláàntì ìdajì àti omi ìdajì máa ń hó ní nǹkan bí 107°C kódà kí a tó dé e. Èkejì, oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dóògún wà nínú rẹ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ní irin dúdú, bàbà, idẹ àti alumíníọ̀mù. Bí omi lásán bá wà láàrin wọn, wọn á máa jẹ ara wọn. Ẹ̀kẹta, nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí omi ń kan ara sìlíńdà gan-an, ìgbọ̀nrìrì sìlíńdà máa ń mú kí ìfóòfó kéékèèké fọ́ mọ́ ọn lára, á sì dá a lu díẹ̀díẹ̀. Oògùn inú kúláàntì tí ó bá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mu ni ó ń dáàbò bò ó.

Omi kànga àti omi bóòhóòlù ní ti wọn máa ń ní kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù nínú. Ẹni tí ó bá wo inú kẹ́tùrù àtijọ́ yóò rí ìpẹ́pẹ́ funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irú ìpẹ́pẹ́ yìí kan náà ni ó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì, pàápàá níbi tí ó gbóná jù lọ. Bí irin ṣe ń jẹ́ kí ooru kọjá fi ìlọ́po tí ó ju mẹ́wàá lọ dára ju ti ìpẹ́pẹ́ yìí. Ìyẹn ni pé ìpẹ́pẹ́ dà bí aṣọ òtútù tí a wọ̀ fún sìlíńdà. Omi inú rádíétọ̀ lè má tíì hó, kí irin tí ó wà lẹ́yìn ìpẹ́pẹ́ sì ti gbóná kọjá ààlà. Bí awakọ̀ bá sì ṣe ń bu omi kànga kún un tó ni ó ń kó ohun tí yóò di ìpẹ́pẹ́ wọlé tó.

Omi tí ó yẹ kí a pò mọ́ kúláàntì ni omi tí a sè gbà láti inú ooru, irú èyí tí àwọn oníbátìrì ń tà láti fi kún bátìrì. Kí a ṣọ́ra kí a má lọ ra ásíìdì bátìrì dípò rẹ̀, nítorí pé orí igbá kan náà ni wọ́n sábà máa ń wà. Bí a kò bá rí i, omi òjò tí a gbè mọ́ tónítóní tí a sì sẹ́ sàn ju omi kànga lọ.

Ohun èlò àti ìṣọ́ra

Ohun tí a nílò ni sípánà tí ó bá nọ́ọ̀tì mu, báfù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, wáyà líle, róbà ìfami, àkísà, ìbọ̀wọ́, awò ojú, bàtà, oògùn ìfọ-rádíétọ̀, kúláàntì tuntun, àti ìwé ìtọ́ni katakata náà. Inú ìwé ìtọ́ni ni a ó ti mọ iye lítà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà, irú kúláàntì tí ó bá a mu, àti ibi tí nọ́ọ̀tì wà. Katakata alábọ́ọ́dé sábà máa ń gbà láàrin lítà 10 sí 20.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù. Bí a bá gbé ọwọ́ lé rádíétọ̀ tí a kò lè fi ọwọ́ síbẹ̀ pẹ́, kò tíì yá. Bí omi gbígbóná bá jó ẹnikẹ́ni, omi tútù tí ń ṣàn ni a ó fi rin ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A kò gbọ́dọ̀ fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: A ó gbé katakata sí ibi tí ó tẹ́jú, a ó fa bíréèkì ọwọ́, a ó fi òkúta tàbí pákó dí táyà, a ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò.

Ìgbésẹ̀ kejì: A ó fi àkísà nípọn bo ìdérí, a ó yí i díẹ̀ títí yóò fi dúró lójú ìkọ́ àkọ́kọ́. Bí ooru kankan bá ṣẹ́ kù, yóò jáde níbẹ̀. Ìgbà tí kò bá dún mọ́ ni a ó tó ṣí i tán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: A ó gbé báfù sábẹ́ rádíétọ̀, a ó tú nọ́ọ̀tì tàbí ẹnu ẹ̀rọ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá ní, róbà ìsàlẹ̀ ni a ó yọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. A ó wá nọ́ọ̀tì búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lápá ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń wà. A ó gbé báfù kejì síbẹ̀, a ó sì tú u. Bí omi kò bá jáde, kí a má rò pé ó ti gbẹ. Ìdọ̀tí ni ó dí i. A ó fi wáyà tú ojú ihò náà títí omi yóò fi ṣàn. Ẹni tí ó da ti rádíétọ̀ nìkan nù ti fi omi àtijọ́ púpọ̀ sílẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ni yóò sì ba tuntun jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: A ó yẹ omi tí a dà wò. Bí ó bá pupa bí omi ilẹ̀ pupa, irin ń dóògún, oògùn inú kúláàntì sì ti tán. Bí ọ́ìlì bá léfòó lórí rẹ̀, tàbí tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì funfun bí ògì, ó ṣeé ṣe kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó tàbí kí ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù ti lu. Fífọ̀ nìkan kò lè wo ìyẹn sàn; a ní láti wá okùnfà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: A ó dí àwọn nọ́ọ̀tì padà, a ó rọ omi mímọ́ àti oògùn ìfọ-rádíétọ̀ sí i ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, a ó dé e, a ó sì tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dé ibi tí tẹmositáàtì ń ṣí. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ ni a ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà a ó pa á, a ó dúró kí ó tutù, a ó sì dà á nù láti ojú méjèèjì. Ọṣẹ ìfọṣọ kò dára fún iṣẹ́ yìí: ìfóòfó rẹ̀ kì í gbé ooru. Kọ́stíìkì sódà tí a fi ń se ọṣẹ kò dára rárá, nítorí pé ó ń jẹ alumíníọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ keje: A ó yọ tẹmositáàtì àti àwọn róbà, a ó sì fi róbà ìfami rọ omi sí rádíétọ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ó máa gba òkè jáde. Bí omi ṣe ń gbà wọlé tẹ́lẹ̀ ni a yí padà yìí, èyí ni yóò sì tú ìdọ̀tí tí ó ti há sẹ́nu ọ̀pá. Bákan náà ni a ó ṣe búlọ́ọ̀kù, láti ojú tẹmositáàtì sí ojú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Kí agbára omi má pọ̀ jù, kí rádíétọ̀ má baà lu. A ó máa ṣe é títí omi tí ó ń jáde yóò fi mọ́ bí èyí tí ó ń wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: A ó nu eruku àti èèpo tí ó dí ìta rádíétọ̀, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ̀yìn, níbi tí fáànù wà, ni a ó ti fẹ́ ẹ síwájú. A ó wo róbà, ìdè wọn àti fáànù bẹ́líìtì. Èyí tí ó bá ti sán ni a ó pààrọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: A ó to ohun gbogbo padà, a ó po kúláàntì àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì nínú kẹ́ẹ̀gì kí a tó rọ ọ́. Kúláàntì nìkan láìsí omi kò dára jù ú lọ: omi mọ ooru ń gbé jù ú lọ. A ó rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde, a ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lọ́rùn rádíétọ̀ torí omi máa ń wú bí ó bá gbóná.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: A ó tan ẹ́ńjìnnì láìdé e, a ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó máa wò ó. Bí tẹmositáàtì bá ti ṣí, omi yóò rẹlẹ̀. A ó fi àpòpọ̀ kan náà kún un, a ó sì dé e. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ó bá tutù, a ó tún un yẹ̀ wò. A ó kọ ọjọ́ tí a ṣe é sílẹ̀. Kúláàntì tí ó wọ́pọ̀ sábà máa ń fẹ́ pípààrọ̀ lẹ́yìn ọdún 2; àwọn kan wà tí ó lè tó ọdún 5. Àwọ̀ kọ́ ni a fi ń dá irú wọn mọ̀, ìwé tí ó wà lára rẹ̀ ni.

Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù lójú oko, kí a má ṣe da omi tútù sí i. Irin gbígbóná tí omi tútù bá kàn lójijì lè sán, búlọ́ọ̀kù tí ó bá sì ti sán ti di ẹrù àgbẹ̀dẹ.

Ibi tí a ó da omi àtijọ́ sí

Kúláàntì tí ó wọ́pọ̀ ní ethylene glycol nínú. Májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu. Ajá, ewúrẹ́ àti ọmọdé lè lá a nítorí adùn yìí. Ẹni tí ó bá mu ún lè kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni tí ó mutí yó. Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín rẹ̀ yóò bàjẹ́, ó sì lè kú. Bí a bá fura pé ẹnìkan mu ún, kí a má dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a sì mú kẹ́ẹ̀gì kúláàntì náà dání.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ dà á sí gọ́tà, sí ẹ̀bá kànga, tàbí sí ilẹ̀ọ́lẹ̀. A ó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, a ó kọ MÁJÈLÉ sí i lára, a ó tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. A kò gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu. Láti ọdún 2007 tí a ti dá NESREA sílẹ̀, àjọ náà ni ó ń mójú tó òfin àyíká ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì béèrè lọ́wọ́ wọn nípa ẹni tí ó lè gba irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò ní ju katakata kan lọ ṣì lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. A lè fi ìṣó sínú ìgò mẹ́ta: ọ̀kan pẹ̀lú omi kànga, ọ̀kan pẹ̀lú omi òjò, ọ̀kan pẹ̀lú àpòpọ̀ kúláàntì. Kí olùkọ́ tì wọ́n mọ́ inú àpótí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìṣó tí ó wà nínú kúláàntì yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Bákan náà, bí a bá ju ìkarahun ìgbín sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, yóò máa hó yẹẹ. Kálísíọ̀mù tí ó wà nínú ìkarahun ni ásíìdì ọsàn ń jẹ. Láti ibẹ̀ ni a ó ti ṣàlàyé bí oògùn ìfọ-rádíétọ̀ ṣe ń tú ìpẹ́pẹ́, kí a sì fi kún un pé kì í ṣe omi ọsàn ni a ó rọ sínú ẹ́ńjìnnì.

Ní ti èdè, láti ọdún 1970 tí iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀, a ti rí i pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ tí a nílò fún ẹ̀kọ́ yìí ti wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ katakata. Rádíétọ̀, búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti di ọmọ ilé. Kò pọn dandan kí a wá orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò ní lò ní gárééjì. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣàlàyé fún awakọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìdí tí omi kànga fi ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń fi Hausa, Ìgbò tàbí Nupe kọ́ni lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè tiwọn.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

A ti ṣàlàyé pé ìṣòro ẹ́ńjìnnì tí ó ń gbóná jù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú omi tí a rọ sí i, àti pé ojú méjì ni a gbọ́dọ̀ ti da omi àtijọ́ nù. A wá dá a lábàá pé:

1. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ṣe iṣẹ́ yìí lórí katakata tirẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ara ìdánwò àfọwọ́ṣe.
2. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú nọ́ọ̀tì búlọ́ọ̀kù kí ó tó gba máàkì.
3. Kí a so ìwé kékeré mọ́ katakata kọ̀ọ̀kan, níbi tí a ó ti máa kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ omi àti irú kúláàntì tí a lò.
4. Kí a máa pe àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wá sí kíláàsì, kí wọ́n wá fi ohun tí wọ́n mọ̀ hàn, kí àwa náà sì fi ìdí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn wọ́n.